Ada Lovelace: Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn Kan Ṣoṣo

Ní ọdún 1987 ni àjọ National Science Foundation ní Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti aláwọ̀ dúdú ni ó ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí mo bá gbọ́ nípa rẹ̀, ẹni tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni Ada Lovelace. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ Ìgbò ni, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni.)

Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí i ní ọdún 1815. Lord Byron, akéwì olókìkí, ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ bàbá kí ó tó pé oṣù méjì. Ìyá fẹ́ràn ìṣirò, òun náà ni ó sì fi tọ́ ọmọ. Kò sí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fún obìnrin ní oyè nígbà náà. Lẹ́tà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustus De Morgan fi ń kọ́ ọ. Kí a má tan ara wa: owó àti ipò ni ó ra èyí fún un. Ọmọ alágbàṣe tí ó ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá kọ lẹ́tà sí i?

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó pàdé Charles Babbage ní 1833. Lẹ́yìn èyí ni Babbage gbèrò ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí a ó máa fi káàdì oníhò pàṣẹ fún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe sí òfì wọn. Ará Ítálì kan, Menabrea, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní èdè Faransé ní 1842. Ada túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Babbage wá bi í pé kí ló dé tí kò kọ ti ara rẹ̀, ó sì ní kí ó fi àlàyé kún un.

Báyìí ni ó ṣe di oníwádìí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1843. Abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ láàrin òun àti Babbage. Ó ń béèrè, ó ń tún un ṣe, ó sì ń bá a jà bí ó bá ti da ìwé òun rú. Àlàyé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìwé Menabrea. Èyí tí ó gbẹ̀yìn tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe ṣírò àwọn nọ́ńbà Bernoulli. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé Babbage ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìṣirò yìí. Lójú tèmi, ibòmíràn ni ọgbọ́n obìnrin náà wà: ó rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lé lórí, pé ohunkóhun tí a bá lè fi àmì àti òfin hàn, orin pàápàá, yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Bí ìwé ti fẹ́ jáde, Babbage fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìbínú sí ìjọba kún un láìfi orúkọ sí i. Ada kọ̀ jálẹ̀. A.A.L. nìkan ni ó fi sí abẹ́ àlàyé tirẹ̀. Ó bẹ Babbage kí ó jẹ́ kí òun máa bá a mójú tó ọ̀ràn ẹ̀rọ náà. Babbage kọ̀ ní tirẹ̀. A kò kan ẹ̀rọ náà parí, Ada kò sì tún tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Jẹjẹrẹ pa á ní oṣù Kọkànlá 1852, ní ẹni ọdún 36.

Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọdún 1980 ni iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìwé ìlànà èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Ada. Nọ́ńbà ìwé náà ni 1815.