MÁ TÍÌ KỌ ỌMỌ NÁÀ SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn ìdílé kan ní òwúrọ̀ yìí, tí ó kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1908. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ni Bob Hope, apanilẹ́rìn-ín tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ẹ̀rín tí ó pa wọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ojú ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀.

William Henry Hope ni orúkọ baba náà. Iṣẹ́ òkúta ni ó ń ṣe: a máa gbẹ́ òkúta, a sì máa fi í kọ́ ilé. Avis Townes ni orúkọ ìyá, ọmọ ìlú Barry ní ilẹ̀ Wales. Akọrin orí ìtàgé ni Avis tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ pọ̀ tí owó kò sì tó, ó gba iṣẹ́ kí á máa gbálẹ̀ kí á máa nulẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin 7 ni wọ́n bí yè. Èkarùn-ún nínú wọn ni Leslie Townes Hope, tí a bí ní Eltham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1903. Òun ni ó padà di Bob.

Iṣẹ́ òkúta kò lọ déédéé mọ́, nítorí bíríkì tí owó rẹ̀ kéré ti ń gba ipò rẹ̀. Ìdílé náà ń kó láti ìlú dé ìlú: wọ́n gbé Weston-super-Mare, wọ́n gbé Bristol. Níkẹyìn baba ṣáájú lọ sí Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ti wà. Avis tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọkùnrin 6 nínú ọkọ̀ òkun tí à ń pè ní Philadelphia. Wọ́n gba Ellis Island kọjá ní New York ní 30 oṣù Kẹta, ọdún 1908. Leslie kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ti kó ọmọ méjì péré wọ ọkọ̀ rí, ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí fi ara dà.

Ṣé ìyà tán nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà? Rárá o. Òtútù Cleveland kì í jẹ́ kí iṣẹ́ òkúta ṣeé ṣe nígbà yìnyín. Baba mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn ọtí. Ó wà lára àwọn tí ó fi òkúta kọ́ ilé ìjọsìn Presbyterian ńlá kan ní òpópónà Euclid, láàrin ọdún 1909 sí 1911. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, Church of the Covenant ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ baba kọ́ ilé Ọlọ́run, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà nílé?

Avis ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ó gba àwọn ayálégbé sínú ilé kí owó lè wọlé. Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́: wọ́n ta ìwé ìròyìn, wọ́n jíṣẹ́ fún ènìyàn. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 12 ni Leslie ti ń kọrin tí ó ń jó ní gbangba kí wọ́n lè fún un ní kọ́bọ̀. Ní ọdún 1915, ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje nítorí pé ó mọ Charlie Chaplin sín jẹ.

Ibi tí ó yẹ kí òbí fi etí sí nìyí. Ní ọdún 1918, nígbà tí Leslie tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15, wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìwà àwọn ọmọkùnrin ní ìlú Lancaster, ní Ohio. Ẹ ro ohun tí àwọn aládùúgbò lè máa sọ. Àjèjì ni wọ́n, baba ń mutí, ọmọ tún ti wọ gàù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti sọ pé ọmọ yìí ti bàjẹ́ tán.

Ìtàn rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ alápatà, ó ja ẹ̀ṣẹ́, ó bá wọn ta wáyà iná, ó sì ń kọ́ ijó. Ní ọdún 1920, ìdílé náà di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀ ni orí ìtàgé gbà á. Ní ọdún 1938 ni rédíò àti sinimá gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ ti pa Avis ní ọdún 1934. Ẹni tí ó gbin igi kò dúró jẹ nínú èso rẹ̀ tán.

Ní 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 1941, Bob Hope lọ dá àwọn sójà lára yá ní March Field, ní California. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1991, ó rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ nígbà 57. Kérésìmesì 9 ni ó bá wọn ṣe ní Vietnam, láti 1964 dé 1972. Ní ọdún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọmọ ogun lọ́lá, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Ó kú ní 27 oṣù Keje, ọdún 2003, lẹ́ni 100 ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ Lancaster ńkọ́? Kò fi í pamọ́ bí ohun ìtìjú. Nígbà tí ó lówó, ó fi owó ńlá ta ibẹ̀ lọ́rẹ.

Kì í ṣe pé ayé rẹ̀ kò lábùkù. Òun àti Dolores ìyàwó rẹ̀ gba ọmọ 4 tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Kérésìmesì ni baba wọn fi wà lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ rere níta kò dí àyè baba nílé.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bóyá ọmọ kan wà tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú àdúrà, nítorí ohun tí ó ṣe. Bóyá ẹ̀kọ́ ni wọ́n lé e kúrò, bóyá ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ẹ ti lọ gbà á. Ẹ má tíì pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ wá a rí lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe láti bá a jà, bí kò ṣe láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ sókè níwájú Ọlọ́run ní òwúrọ̀ yìí.