Sàyídínà Umar àti Ọdún Eérú

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, láti ilé kéú ni gbogbo wa ti mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe nígbà tí ìyàn mú ni ó kan àwa oníṣòwò Jọ́ọ̀sì jù. Òun ni Sàyídínà Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i.

Mẹ́kà ni wọ́n ti bí i, ní ìdílé Banu Adi, láàárín àwọn Kuraiṣi. Ó da ràkúnmí fún bàbá rẹ̀ ní kékeré, nígbà tí ó sì dàgbà, ó di oníṣòwò. Ọ̀tá ẹ̀sìn ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kẹfà tí iṣẹ́ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bẹ̀rẹ̀, ó fi ìbínú wọ ilé Fatima arábìnrin rẹ̀, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka Suratu Ta-Ha, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó sì gba ẹ̀sìn. Ní ọdún 13 Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 634 ti Mìládì, ó di halífà lẹ́yìn Sàyídínà Abubakr. Ní ìgbà tirẹ̀ ni Ṣáámù, Iráàkì àti Íjíbítì bọ́ sábẹ́ àkóso Mùsùlùmí, òun náà ni ó sì fi kíka ọdún Hijira lélẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ọlá yìí, kò fi ọjà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ni ará ìlú lára. Ó wà nínú Muwatta, ìwé Imam Malik tí àwa onímọ́síhábà Máálíkì gbára lé, pé ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kó ọjà pamọ́ ní ọjà Mẹ̀dínà. Ó ní kí ẹni tí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe ra oúnjẹ tí Ọlọ́hun gbé wá sí ìlú tán, kí ó wá tì í mọ́lé de àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara ṣe wàhálà, tí ó ru ọjà wá láti ọ̀nà jíjìn nínú ooru àti òtútù, àlejò Umar ni ó pè é. Kí ó tà bí ó bá ṣe wù ú, kí ó sì dì í mú bí ó bá ṣe wù ú. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó mú oúnjẹ wọ̀lú ń ran ìlú lọ́wọ́. Ẹni tí ó mú oúnjẹ kúrò lójú ìlú kí ó lè wọ́n, ìlú ni ó ń jẹ lẹ́ran.

Ní ọdún 18 Hijira, tí í ṣe ọdún 639, òjò kọ̀ ní ilẹ̀ Híjáàsì. Ilẹ̀ gbẹ títí eruku rẹ̀ fi dà bí eérú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọdún Eérú. Ẹran ọ̀sìn kú, àwọn ará oko sì rọ́ wá sí ẹ̀yìn odi Mẹ̀dínà. Sàyídínà Umar kọ̀wé sí àwọn gómìnà rẹ̀ pé kí wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́. Àwọn òpìtàn sọ pé Abu Ubaidah wá láti Ṣáámù pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ràkúnmí tí ó ru oúnjẹ. Wọ́n ń se oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, wọ́n sì ń gbé ti aláìsàn àti ọmọdé lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Halífà fúnra rẹ̀ búra pé òun kò ní fẹnu kan òrí àmọ́, wàrà àti ẹran títí ara yóò fi tu àwọn èèyàn. Búrẹ́dì àti òróró ni ó ń jẹ, títí àwọ̀ ara rẹ̀ fi dúdú. Nígbà tí wọ́n pa ràkúnmí, tí wọ́n bu ibi tí ó dùn jù sọ́tọ̀ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó dá gígé ọwọ́ olè dúró, nítorí ebi lè mú ẹni rere na ọwọ́. Kò gba sàká lọ́dún náà, ó di ọdún kejì kí ó tó rán àwọn agbowó jáde. Ó sì mú Abbas, arákùnrin bàbá Ànábì, jáde láti tọrọ òjò. Òjò rọ̀, ó sì fún àwọn ará oko ní ohun tí wọn yóò gbé padà sílé.

Àwa náà ti rí Ọdún Eérú tiwa ní Jọ́ọ̀sì. A rí rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù September ọdún 2001. Ọjà ńlá Tẹ́mínọ́ọ̀sì jóná ní ọdún 2002. A tún rí ti oṣù November ọdún 2008, ti ọdún 2010, àti ìsémọ́lé kòrónà ní ọdún 2020. Gbogbo wa mọ bí ọjọ́ kónílé-ó-gbélé ṣe máa ń rí: wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ láti ra nǹkan, ọmọ ń sunkún nílé, ẹni tí gààrí sì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tilẹ̀kùn pé ó di ọ̀la kí mudu tó tún gbówó lórí.

Ẹlòmíràn yóò ní owó òun ni òun fi rà á. Òótọ́ ni, Ìsìláàmù kò sì ka èrè léèwọ̀. Títọ́jú oúnjẹ ọdún kan fún ìdílé ẹni kò léèwọ̀, nítorí Ànábì tọ́jú ti ìdílé rẹ̀. Ríra àgbàdo nígbà ìkórè tí ó pọ̀ nílẹ̀, tí kò ni ẹnikẹ́ni lára, àwọn onímọ̀ wa gbà á láyè. Ohun tí ó léèwọ̀ ni dídì í mú nígbà tí dídì í mú ń pa aládùúgbò. Nígbà tí ìnira bá dé góńgó, àwọn onímọ̀ Máálíkì ní kí aláṣẹ fi ipá mú ẹni tí oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tà á.

Aládùúgbò náà kì í sì í ṣe Mùsùlùmí nìkan. Sàyídínà Umar rí arúgbó Júù kan tí ń ṣagbe, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún un láti inú àpò ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà wá tẹ̀dó sí ìlú yìí, ẹni tí a bá tà fún ní iye tó tọ́ lọ́jọ́ ìṣòro kò ní gbàgbé wa.

Ní ìparí ọdún 23 Hijira, tí í ṣe ọdún 644, Abu Lu'lu'ah gún Sàyídínà Umar lọ́bẹ níbi tí ó ti ń kírun àsùbáà. Ẹni tí ìṣúra ilẹ̀ Páṣíà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, gbèsè ni ó ní kí Abdullahi ọmọ rẹ̀ ṣírò kí ó sì san. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Ànábì àti Sàyídínà Abubakr.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a fi omijé ẹlòmíràn kọ́lé. Kí Ó fi bùkún sí òwò wa, kí Ó sì fi àlàáfíà sí ìlú Jọ́ọ̀sì. Àmín.