Arthur Friedenreich

Arthur Friedenreich (ọjọ́ 18 Oṣù Keje, ọdún 1892 – ọjọ́ 6 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọ orílẹ̀-èdè Bràsíl, ẹni tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí gbajúmọ̀ àkọ́kọ́ nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ìlú São Paulo ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún 26 tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù. Nínú ìdíje ìpínlẹ̀ São Paulo, tí wọ́n ń pè ní Campeonato Paulista, ìgbà 9 ni ó jẹ́ ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje náà ní ìgbà 7. Òun ni ó jẹ góòlù tí ó sọ Bràsíl di olúborí Gúúsù Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1919. Àwọn ará Uruguay ni ó sọ ọ́ ní El Tigre, èyí tí ó túmọ̀ sí Ẹkùn.

Ìbí àti ìdílé

Àdúgbò Luz ní ìlú São Paulo ni wọ́n ti bí Friedenreich. Oscar ni orúkọ bàbá rẹ̀, oníṣòwò tí ìran rẹ̀ ti Jámánì wá. Mathilde ni ìyá rẹ̀, ọmọ Bràsíl aláwọ̀ dúdú. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìbí rẹ̀, ní ọjọ́ 13 Oṣù Kàrún-ún, ọdún 1888, ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl, orílẹ̀-èdè tí ó gbẹ̀yìn láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí díẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí agbábọ́ọ̀lù yìí tí kò kan ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara.

Ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ kò sì dúdú púpọ̀, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ta kókó. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a máa pẹ́ nínú yàrá ìmúra, a máa fi ìpara ra irun náà, a sì máa fi aṣọ ìnura gbígbóná dì í kí ó lè tẹ́ sílẹ̀. Nítorí èyí, òun ni ó sábà máa ń wọ orí pápá kẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lásán. Ẹgbẹ́ àwọn olówó ni ẹgbẹ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ẹnu ọ̀nà wọn kò sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó mú un wọlé.

Ìdíje ìpínlẹ̀ São Paulo

Charles Miller, tí wọ́n bí ní São Paulo fún bàbá ọmọ Scotland, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dé ìlú náà, nígbà tí ó padà láti ilé-ẹ̀kọ́ ní England ní ọdún 1894. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1901, ẹgbẹ́ 5 dá líìgì kan sílẹ̀, ìdíje àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọdún 1902. Nínú gbogbo ìdíje ìpínlẹ̀ ní Bràsíl, òun ni ó pẹ́ jù lọ. Àwọn ẹgbẹ́ náà ni São Paulo Athletic Club, tí í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì; Germânia, tí Hans Nobiling, ọmọ Jámánì tí ó wá láti Hamburg, dá sílẹ̀ ní ọdún 1899; Mackenzie, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà; Internacional, tí ó kó ọmọ orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ; àti Paulistano, ti àwọn ọmọ ìdílé ńlá tí oko kọfí ti sọ di ọlọ́rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ife ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé kò sí èyí tí í ṣe ti òṣìṣẹ́ nínú wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé lẹ́yìn. Ní ọdún 1910, àwọn òṣìṣẹ́ ní àdúgbò Bom Retiro dá Corinthians sílẹ̀. Ọdún 1913 ni wọ́n gbà wọ́n sínú líìgì, ọdún yẹn gan-an sì ni Paulistano àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti dá líìgì tiwọn sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí APEA. Àríyànjiyàn lórí pápá ìṣeré wà nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ọlọ́lá kò fẹ́ bá mẹ̀kúnnù dàpọ̀ lórí pápá kan náà. Ní ọdún 1914, àwọn ọmọ Ítálì tí ó ṣí wá sí ìlú náà dá Palestra Itália sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ Palmeiras lónìí. Ní ọdún 1917 ni líìgì méjèèjì di ọ̀kan padà, tí ọlọ́lá àti òṣìṣẹ́ sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, bí inú wọn dùn sí i o, bí kò dùn o.

Láti Germânia dé Paulistano

Friedenreich bẹ̀rẹ̀ ní Germânia ní ọdún 1909, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Ypiranga àti Mackenzie lẹ́yìn náà. Mackenzie ni ó wà ní ọdún 1912 nígbà tí ó kọ́kọ́ di ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìdíje ìpínlẹ̀. Ó tún ṣe é ní ọdún 1914 àti 1917, kí ó tó di ọmọ ẹgbẹ́ Paulistano, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jù lọ.

Ní ọjọ́ 21 Oṣù Keje, ọdún 1914, ó wà nínú ẹgbẹ́ àṣàyàn tí ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ Bràsíl. Exeter City, ẹgbẹ́ kan láti England, ni wọ́n bá pàdé ní pápá Laranjeiras ní Rio de Janeiro, Bràsíl sì borí pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo. Eyín Friedenreich méjì ni ó kán nínú eré náà. Ó padà sórí pápá, ó sì gbá a dé òpin.

Góòlù ọdún 1919

Ọdún 1918 ni ó yẹ kí Bràsíl gba àlejò ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tí ó jà káàkiri ayé nígbà náà mú kí wọ́n sún un sí ọdún 1919. Nínú eré àkọ́kọ́, Bràsíl fi góòlù 6 sí òdo na Chile, Friedenreich sì jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tí Bràsíl àti Uruguay parí ìdíje pẹ̀lú máàkì kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ọ̀mì góòlù 2 sí 2 láàrin ara wọn, wọ́n ní láti tún pàdé ní ọjọ́ 29 Oṣù Kàrún-ún kí a lè mọ ẹni tí ó borí.

Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú parí láìsí góòlù. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, kò sí góòlù. Nígbà náà òfin kò mọ pẹnáríti gbígbá láti fi wá olúborí, nítorí náà wọ́n tún fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn kún un. Kò pẹ́ tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ tí Neco fi gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́ pápá, Heitor gbá a, Saporiti tí ó ń ṣọ́lé fún Uruguay ta á dànù, Friedenreich sì gbá a sínú àwọ̀n kí ó tó balẹ̀. Góòlù kan ṣoṣo yìí ni ó parí ìdíje.

Ó dára láti wo ẹgbẹ́ tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ti wá. Ọmọ Corinthians, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ni Neco. Ọmọ Palestra Itália, ẹgbẹ́ àwọn àtìpó, ni Heitor. Friedenreich sì wá láti Paulistano, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọn kò fẹ́ rí ara wọn sójú ní São Paulo ni ọmọ wọn jọ ṣe góòlù yìí.

Wọ́n kó bàtà tí Friedenreich fi gbá góòlù náà sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù olóhun-ọ̀ṣọ́ kan ní Rio fún àwọn èrò láti wò. Pixinguinha, gbajúgbajà olórin aláwọ̀ dúdú, fi àbájáde eré náà sọ orin rẹ̀ kan ní Um a Zero, ìyẹn ẹyọ kan sí òdo.

Ọdún 1921

Ọdún méjì péré lẹ́yìn bàtà inú fèrèsé, Bràsíl ń kó ẹgbẹ́ lọ sí Buenos Aires fún ìdíje kan náà. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Ààrẹ Epitácio Pessoa kò fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kankan bá wọn lọ, kí ojú má baà ti orílẹ̀-èdè náà lọ́dọ̀ àwọn ará Argentina. Ẹgbẹ́ náà lọ láìsí aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Friedenreich kò lọ. Lima Barreto, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí Rio mọ̀ bí ẹni mowó, kọ àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn Careta láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà. Argentina ni ó gba ife. Ní São Paulo ní ọdún yẹn kan náà, Friedenreich ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìdíje ìpínlẹ̀, Paulistano sì gba ife-ẹ̀yẹ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ní ọdún 1922, tí ìdíje náà padà sí Rio, wọ́n pè é padà, Bràsíl sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìrìn-àjò sí Yúróòpù

Ní ọdún 1925, Paulistano di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Bràsíl tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta, wọ́n fi góòlù 7 sí 2 na ẹgbẹ́ àṣàyàn Faransé ní ìlú Paris. Eré 10 ni wọ́n gbá ní Faransé, Swítsàlandì àti Pọtogí. Wọ́n borí nínú 9, Cette nìkan ni ó borí wọn. Góòlù 11 ni Friedenreich jẹ nínú ìrìn-àjò náà.

Òpin Paulistano

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, ìjà mìíràn ti ń rú. Bọ́ọ̀lù ti di ohun tí èrò ń sanwó láti wò, àwọn ẹgbẹ́ kan sì ti ń fún agbábọ́ọ̀lù ní owó ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí òfin ṣì sọ pé eré ìgbafẹ́ ni. Antônio Prado Júnior tí ó jẹ́ ààrẹ Paulistano kò fẹ́ gbọ́ nípa owó. Ní ọdún 1926, ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ya kúrò, ó sì dá líìgì mìíràn tí ó ń jẹ́ LAF sílẹ̀. Paulistano gba ife líìgì yìí ní ọdún 1926, 1927 àti 1929. Friedenreich, tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 35, ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ní ọdún 1927, 1928 àti 1929. Nínú eré kan ní ọdún 1928, góòlù 7 ni òun nìkan gbá wọlé.

Síbẹ̀ líìgì náà kò lè dúró. Ní ìparí ọdún 1929 Paulistano pa ẹ̀ka bọ́ọ̀lù rẹ̀ tì pátápátá, lẹ́yìn ife 11 nínú ìdíje ìpínlẹ̀. Ìdílé ńlá lè yan kí wọ́n má gba owó lórí eré. Ọmọ òṣìṣẹ́ kò lè yan bẹ́ẹ̀, ó sì dàbí ẹni pé àwọn adarí Paulistano kò rí ìyàtọ̀ yìí rárá. Ní Oṣù Kínní ọdún 1930, àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà àti ẹgbẹ́ Associação Atlética das Palmeiras para pọ̀ dá São Paulo Futebol Clube sílẹ̀. Friedenreich bá wọn lọ, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn pẹ̀lú wọn ní ọdún 1931.

Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Uruguay ní ọdún 1930. Nítorí gbọ́nmi-si-i-omi-ò-tó-o láàrin APEA ti São Paulo àti àjọ bọ́ọ̀lù Bràsíl tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Rio, São Paulo kò fi agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni Friedenreich kò ṣe gbá bọ́ọ̀lù nínú Ife Àgbáyé rí.

Ogun ọdún 1932 àti ìfẹ̀yìntì

Nígbà tí São Paulo dìde sí ìjọba Getúlio Vargas ní Oṣù Keje ọdún 1932, Friedenreich wọṣẹ́ ológun pẹ̀lú àwọn eléré ìdárayá mìíràn. Ó wọlé ní sájẹ́ǹtì, ó jáde ní lẹfutẹ́náǹtì. Ó tún kó àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba wúrà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú láti fi gbọ́ bùkátà ogun náà. São Paulo pàdánù ogun náà ní Oṣù Kẹwàá.

Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹta, ọdún 1933, nígbà tí bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ olówó oṣù ní gbangba, São Paulo fi góòlù 5 sí 1 na Santos nínú eré àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Bràsíl. Friedenreich, ọmọ ogójì ọdún, ni ó jẹ góòlù àkọ́kọ́. Fún Flamengo ni ó gbá eré rẹ̀ ìkẹyìn, nígbà tí wọ́n pàdé Fluminense ní ọjọ́ 21 Oṣù Keje, ọdún 1935, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 43. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọtí Antarctica.

Iye góòlù rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó kọ ọ́ pé góòlù 1,329 ni Friedenreich jẹ, èyí tí ìbá fi ju ti Pelé lọ. Ibi tí iye yìí ti wá yẹ ní mímọ̀. Wọ́n sọ pé bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kọ góòlù rẹ̀ sílẹ̀, tí Mário de Andrada, tí wọ́n jọ wà ní Paulistano, sì ń bá a lọ. Nígbà tí Mário sọ iye náà fún oníròyìn De Vaney lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, 1,239 ni ó sọ. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni 2 àti 3 ti pààrọ̀ àyè. Kò sí ẹni tí ó rí ìwé àkọsílẹ̀ náà rí. Alexandre da Costa lọ yẹ àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì kà góòlù 554 nínú eré 561. Ìyẹn ni pé nǹkan bí góòlù kan nínú eré kọ̀ọ̀kan, fún ọdún 26. Bí a bá ní láti yan iye kan, èyí tí a rí ẹ̀rí rẹ̀ ni ó yẹ kí a yàn, kò sì dín iyì ọkùnrin náà kù.

Ikú

Friedenreich kú ní São Paulo ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969, ní ọmọ ọdún 77. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní pápá Maracanã, Pelé jẹ góòlù rẹ̀ tí ó sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan.