Ládòkè Akíntọ́lá: Àgbà Ẹlẹ́fẹ̀ nínú Iṣẹ́ Ìlú

Bí àgbà bá dìde láti sọ̀rọ̀ láwùjọ ní ìlú Awẹ́, kì í sábà já lu kókó ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ná, kí ara lè tù wọ́n, kí etí wọn sì lè ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú àwọn tó gbé àṣà yìí wọ inú iṣẹ́ ìjọba, kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ọdún 1910. Ó lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Minna, ó sì gbọ́ èdè Haúsá. Láti 1930 títí di 1942, olùkọ́ ni ní Baptist Academy ní Èkó. Ní 1943 ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service. Ní 1946 ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ìlú Òyìnbó, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1950.

Olùkọ́, oníwèé ìròyìn, agbẹjọ́rò: ọ̀rọ̀ sísọ ni irinṣẹ́ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó wá di Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kejìlá, 1959, kò fi irinṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó bá dé àárín àwọn àgbẹ̀, a gbé gẹ̀ẹ́sì tì, a fi òwe àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tú ọ̀rọ̀ ìjọba tó ta kókó. Àwọn tí kò fẹ́ dìbò fún un pàápàá kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ní ààlà nínú àṣà Yorùbá. Ẹlẹgbẹ́ lè fi ẹlẹgbẹ́ ṣẹ̀fẹ̀; ìyàwó ilé lè fi àbúrò ọkọ ṣe é; ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà ní láti kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Lẹ́yìn tí òun àti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pínyà ní 1962, ẹ̀fẹ̀ Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Ní 1964 ó fẹ̀sùn kan àwọn aṣáájú Ìgbò pé àwọn èèyàn wọn ni wọ́n ń kó sí iṣẹ́ rélùwéè, ó sì ń já orúkọ wọn sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di gbólóhùn Yorùbá. Àwọn tó ń gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ni orúkọ kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọdún 1964 náà ni Aláàfin fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá, 1965, tí ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n fi màgòmágó ṣe, wọ́n ń dáná sun ilé àti èèyàn. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló dá iná náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀fẹ̀ tó lè pa á mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní, 1966, àwọn ológun pa á ní Ìbàdàn.

Títí di òní, wọ́n ṣì ń tún àwàdà rẹ̀ sọ níbi ìnáwó. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti agbẹjọ́rò lè rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́ nínú ayé rẹ̀: ẹ̀rín ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí etí èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó ń so èèyàn pọ̀ ni èyí tí ẹni tí a fi ṣe é náà lè bá wa rín.