Lambert, Ọmọ Aránṣọ Tí Ó Yanjú Ọ̀ràn Pai

Ta ni ó lọ sí ilé ìwé tí kò mọ 22/7? Òun ni a fi ń wá ìyíká àgbá àti ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ Johann Heinrich Lambert, ẹni tí ó fi hàn pé kò sí ìdá kankan tí ó bá pai dọ́gba.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1728, ni a bí i ní Mulhouse, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, tálákà sì ni. Nígbà tí Lambert di ọmọ ọdún 12, ó fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí abẹ́rẹ́. Síbẹ̀ kò fi ìwé sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ irin, ó sì tún ṣe akọ̀wé fún olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Basel. Ní ọdún 1748 ó di olùkọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá kan ní Chur. Ìwé pọ̀ nínú ilé náà. Bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà ni ó ń kọ́ ara rẹ̀.

Oríṣi nọ́ńbà méjì ni a ní láti mọ̀ yàtọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yé wa. Èkínní ni èyí tí a lè kọ ní ìdá, tí odidi nọ́ńbà wà lókè àti nísàlẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di dẹ́símà, yálà kí ó parí, bí 3/4 ṣe di 0.75, tàbí kí àwọn nọ́ńbà kan náà máa padà wá léraléra, bí 1/3 ṣe di 0.333... Èkejì kò ṣe é kọ ní ìdá bẹ́ẹ̀. Dẹ́símà rẹ̀ kì í parí, kì í sì í yípo. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni √2.

Pai ńkọ́? 22/7 jẹ́ 3.142857142857..., pai sì jẹ́ 3.14159265... Ní ipò kẹta lẹ́yìn àmì ni wọ́n ti yapa. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ ka ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà láìrí èyí tí ó ń yípo, ta ni ó mọ̀ bóyá yíyípo náà ń bẹ níwájú? Kíkà kò lè parí ẹjọ́ yìí. Ẹ̀rí ni ó lè parí rẹ̀.

Lambert mú ẹ̀rí náà wá ní ọdún 1761. Ó fi hàn pé bí a bá fi rádíánì wọn igun kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ṣe é kọ ní ìdá, tí kì í ṣe òdo, tangent igun náà kò ní ṣe é kọ ní ìdá. Bẹ́ẹ̀ ni tangent π/4 jẹ́ 1, èyí tí a lè kọ ní 1/1. Nítorí náà, π/4 kò lè jẹ́ ìdá, pai náà kò sì lè jẹ́ ìdá.

Ní ọdún 1765, ọmọ aránṣọ yìí wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ọba ní Berlin. Ìlú náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 25 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 1777, ní ẹni ọdún 49.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, nígbà tí ẹ bá kọ 22/7 sí ojú pátákó, ẹ má ṣàì sọ fún àwọn ọmọ pé ó súnmọ́ pai ni, kì í ṣe pai gan-an.