Lambo, dókítà tó fi wèrè wọ̀ sílé ará abúlé

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo lọ́dún 1923, Birmingham ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Láyé ìgbà náà, ṣẹkẹṣẹkẹ tàbí àhámọ́ ló sábà máa ń kẹ́yìn ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Aró lọ́dún 1954, wọn ò tíì kọ́ ọsibítù náà tán. Lambo kò dúró de ilé. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n a sì máa bá wọn gbébẹ̀, a máa se oúnjẹ fún wọn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ dán wò.

Lọ́dún 1961, Yunifásítì Cornell ti Amẹ́ríkà bá a da iṣẹ́ pọ̀. Alexander Leighton kó àwọn dókítà ọpọlọ àti onímọ̀ nípa àwùjọ wá sí abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń wádìí ohun tí Yorùbá ń pè ní wèrè, kí wọ́n lè fi í wé ohun tí wọ́n ti rí ní Kánádà. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963.

Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1968, ó sì di igbá-kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 1973. Oṣù Kẹta ọdún 2004 ló dágbére fáyé.