Oumarou Ganda: Alábàárù èbúté tó di òṣèré, tó wá gba kámẹ́rà láti sọ ìtàn ara rẹ̀

Tí ẹ bá dúró sí Harobanda nílùú Niamey, tí ẹ kọjú sí odò Ọya, ẹ ó rí ìgboro olú ìlú Niger ní òdìkejì. Lédè Zarma, ẹ̀yìn odò ni ìtumọ̀ Harobanda. Afárá Kennedy, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1970, ló so àdúgbò náà pọ̀ mọ́ ìgboro. Kó tó dìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn fi ń sọdá.

Lọ́dún 1970 yẹn kan náà, ọmọ bíbí Niamey kan gbé fíìmù kan jáde, èyí tó padà gba ẹ̀bùn tó ga jùlọ níbi àjọ̀dún sinimá Áfíríkà. Oumarou Ganda lorúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá gba orí afárá náà wọ ìgboro lónìí, orúkọ rẹ̀ lẹ máa bá lára ilé àṣà tó wà níbẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti kú. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin yìí ṣe tí wọn ò fi gbàgbé rẹ̀?

Ọmọ ọdún 16 tó wọṣẹ́ ológun

Ọdún 1935 ni wọ́n bí Ganda sí ìdílé Zarma ní Niamey. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà mọ. Lọ́dún 1951, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọṣẹ́ ológun Faransé, torí pé abẹ́ ìjọba Faransé ni Niger wà nígbà náà.

Wọ́n kó òun àtàwọn ọmọ Áfíríkà míì lọ sí Indochina, ìyẹn agbègbè tí Vietnam, Laos àti Cambodia wà lónìí. Faransé ń bá àwọn tó ń jà fún òmìnira wọn jagun níbẹ̀. Ọdún 1955 ni Ganda tó padà wálé.

Ìdílé Yorùbá tí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn bá lọ sí ogun Burma mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Ogun ẹlòmíì lèèyàn lọ jà. Nígbà tó bá dé, wọ́n á yẹ́ ẹ sí fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa wá iṣẹ́ kiri.

Ganda ò ríṣẹ́ ní Niamey. Ló bá gba Côte d'Ivoire lọ, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Niger ìgbà náà ti ń ṣe. Iṣẹ́ alábàárù ló rí ṣe ní èbúté Abidjan, ó ń ja ẹrù ọkọ̀ ojú omi.

Bó ṣe di Edward G. Robinson

Abidjan ló ti pàdé Jean Rouch, ọmọ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn ẹ̀yà, tó tún ń ya fíìmù. Ìwádìí ni Rouch ń ṣe nípa àwọn ará Niger tó wá ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire. Ó gba Ganda síṣẹ́ láti bá a kó àkọsílẹ̀ jọ.

Nígbà tó yá, Rouch fà á síwájú kámẹ́rà. Fíìmù Moi, un noir, tó jáde lọ́dún 1958, dá lórí àwọn ọ̀dọ́ Niger tó ń ṣiṣẹ́ lébìrà ní Treichville, l'Abidjan. Olúkúlùkù wọn ló yan orúkọ tó gbajúmọ̀ nínú sinimá. Ti Ganda ni Edward G. Robinson, òṣèré Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ sí fíìmù àwọn ọ̀daràn.

Kámẹ́rà tí wọ́n lò kò gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán tán ni Ganda jókòó, tó ń wo ara rẹ̀, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ìyà iṣẹ́, àìlówó lọ́wọ́, àlá pé òun á di abẹ̀ṣẹ́, àti ohun tójú rẹ̀ rí lójú ogun.

Ohùn yẹn ló gbé fíìmù náà níyì. Ó gba ẹ̀bùn Louis-Delluc ní Faransé, àwọn olùdarí fíìmù bíi Jean-Luc Godard sì gbóríyìn fún un.

Ṣùgbọ́n Rouch ni wọ́n mọ̀ sí olúwa fíìmù náà. Inú Ganda ò sì dùn tán sí bí wọ́n ṣe gbé ìtàn òun jáde. Ojú tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi wo ogun tó jà.

Cabascabo: ó gba ìtàn rẹ̀ padà

Ganda padà sí Niamey. Ní ilé àṣà Faransé àti Niger tó wà níbẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà, bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń to fíìmù. Lẹ́yìn náà ló kọ ìtàn tirẹ̀.

Cabascabo, tó yà lọ́dún 1968, jẹ́ ìtàn ọmọ ogun kan tó ti Indochina dé pẹ̀lú owó lápò. Nígbà tí owó ń bẹ, kò sẹ́ni tí kò bá a tan. Ọ̀rẹ́ pọ̀, obìnrin pọ̀, ọtí ń ṣàn. Owó tán, gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ. Ó wá ku òun nìkan, kó lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun.

Ganda fúnra rẹ̀ ló darí fíìmù náà, òun ló sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Èdè Zarma ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1969, wọ́n fi hàn ní Cannes, nínú ètò ọ̀sẹ̀ àwọn alámèyítọ́, ó sì tún dé àjọ̀dún fíìmù ìlú Moscow.

Ẹ rántí pé ọdún 1976 ni Àjàní Ògún, fíìmù ti Ọlá Balógun tí ọ̀pọ̀ kà sí fíìmù àgbéléwò àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, tó jáde.

Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní Ouagadougou

Fíìmù ọdún 1970 tí a mẹ́nu bà lókè ni Le Wazzou polygame. Alájì kan tó ti Mẹ́kà dé fẹ́ fi Satou, ọmọbìnrin tó ti ní àfẹ́sọ́nà, ṣe aya. Ìyàwó rẹ̀ kejì ò gbà, ó pète láti pa á, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ṣèèṣì pa. Satou sá lọ sí ìgboro, ó sì di aṣẹ́wó.

Kì í ṣe ẹ̀sìn ni Ganda ń bú. Àwọn tó ń fi orúkọ ẹ̀sìn bo ìwà wọn ló dojú kọ. Lọ́dún 1972, fíìmù náà gba Étalon de Yennenga àkọ́kọ́ pàá ní àjọ̀dún FESPACO ní Ouagadougou.

Zalika Souley, gbajúgbajà òṣèrébìnrin Niger, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Iṣẹ́ yìí ò rọrùn fún obìnrin nígbà náà, torí àwọn kan gbà pé ìwà tó hù nínú fíìmù ni ìwà rẹ̀ nílé.

Ganda tún ya Saïtane lọ́dún 1972, nípa ayédèrú àáfà, àti L'Exilé lọ́dún 1980, tó dá lórí ìníyelórí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọmọlúàbí jáde.

Ikú rẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1981, àrùn ọkàn pa Ganda ní Niamey. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Títí dòní, FESPACO ń fi orúkọ rẹ̀ fún olùdarí tó bá ṣe fíìmù àkọ́kọ́ tó dára jùlọ ní ẹ̀bùn. Orúkọ Edward G. Robinson kọ́ ló wà lára ẹ̀bùn náà. Oumarou Ganda ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.